Bí Mo Ṣe Takìtì Lókè Ìlú Ààjà

Ẹ jókòó, ẹ fara mọ́ra, kí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn sún síwájú díẹ̀, torí ohùn mi ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń fẹ́ lórí àpáta yìí sì lè gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mi lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tó bá ní obì kó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń sunkún kó fún un lọ́mú. Mo fẹ́ parí ìtàn yìí kí òòrùn tó wọ̀. Ó nídìí, ẹ ó sì mọ ìdí náà tó bá yá.

Èmi ni Ọdẹ́gbilé, ọmọ Ọdẹ́wándé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wò mí yìí, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn lẹ rí. Ẹ lọ bi àwọn àgbà yín. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó lé gbogbo abúlé wọ inú odò. Ẹkùn tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi á yà kúrò lọ́nà, á tún kí mi pé mo kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò pè yín wá sórí àpáta nítorí ẹkùn. Mo fẹ́ sọ bí èmi, ọdẹ orí ilẹ̀, ṣe di awabàálù, tí mo sì bá àwọn ẹ̀dá tí kò ní egungun díje nínú òkìtì títa lójú sánmà. Rábíù, ìwọ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo rí ọ. Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Rábíù wí. "Àlàfo iwájú ẹnu yín ni mò ń wò. Ṣé bàálù ló gbé eyín yẹn lọ, àbí ìyá àgbà ló fi omorógùn gbá a yọ?"

Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Mo ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín náà wà nínú ìtàn yìí, a máa débẹ̀ láìpẹ́.

Mo ní àbúrò kan, Ọdẹ́sanmí ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìyá mi. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ, ó sì jẹ́ ọmọ tó máa ń gbọ́ràn débi pé ó máa ń sú mi nígbà mìíràn. Tí mo bá ní kó dúró sídìí igi kan, á dúró síbẹ̀ títí èèrà á fi gun orí rẹ̀. Ohun tí mo tẹnu mọ́ jù ni pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ nínú igbó, kò gbọdọ̀ jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwa ọdẹ ń ṣe. Iwin lè fi ohùn ìyá rẹ pè ọ́, ó lè kì ọ́ ní oríkì títí orí rẹ á fi wú, ṣùgbọ́n iwin kò lè súfèé, torí èémí ni wọ́n fi ń súfèé, iwin kò sì ní èémí nínú. Ìdí nìyẹn tí ìdílé ọdẹ kọ̀ọ̀kan fi ní ìfé tirẹ̀. Tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á gòkè, á dúró pẹ́ díẹ̀ lókè, á wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ahọ́n àti eyín iwájú òkè ni bàbá wa fi kọ́ wa láti máa sú u, a ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Àárín ọyẹ́ ni, àwa méjèèjì gun orí àpáta tí ẹ jókòó sí yìí, à ń lépa òfàfà kan, ni ààjà bá dé. Kì í ṣe irú ààjà kékeré tí ń ká ewé gbígbẹ kiri àgbàlá. Èyí ga ju ìrókò lọ, eruku ti sọ ọ́ di pupa, ó sì ń kùn. Ó yí àbúrò mi ká, ó gbé e kúrò nílẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàtà rẹ̀ kan ló kù sí mi lọ́wọ́. Bó ti ń gòkè lọ, kò pariwo, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ìbọn wà léjìká mi, ta ni mo fẹ́ yìn ín fún? Kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, mo sì kígbe ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu.

"Sanmí, bí wọ́n bá pè ọ́ lókè yẹn, má jẹ́ o. Àfi tí o bá gbọ́ ìfé bàbá wa."

Ó na ọwọ́ sókè láti fi hàn pé òun gbọ́. Ààjà gbé e wọ inú ìkùukùu.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ààjà bá gbé á padà wá, pé á mọ ewé, á mọ egbò. A retí. Ọyẹ́ yẹn lọ, òmíràn dé. Ojoojúmọ́ ni ìyá wa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo, ó ń fi àwo mìíràn dé e. Lọ́jọ́ tí mo rí i tí ìyá mi gbé àwo òfìfo síwájú, tó kàn ń wò ó, mo gbé ìbọn mi, mo fi bàtà àbúrò mi sínú àpò, mo wọ Igbó Àìwẹ̀yìn, torí wọ́n ní ibẹ̀ ni ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀.

N kò ní sọ bí mo ṣe rìn ín fún yín. Ohun tí mo rí lẹ́nu ibodè rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó dorí kodò, tó fi orí dúró gbagidi, irùngbọ̀n rẹ̀ bò ó lójú. Ó ní, "Ọdẹ, níbo ni ìsàlẹ̀?" Mo nawọ́ sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá mi létí. Mo wá nawọ́ sókè, mo rò pé torí bó ṣe wà ni. Ó fi ẹsẹ̀ kejì gbá mi. Èmi tí ẹkùn ń kí. "Máa wọlé lọ," ó wí. "Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n, a jọ máa sọ̀rọ̀."

Ní àárín igbó náà ni mo ti bá bàálù kékeré kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé adìyẹ lọ, apá rẹ̀ jẹ́ méjì méjì lórí ara wọn, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì kùn ún ní pupa àti funfun. Obìnrin arúgbó kan jókòó sábẹ́ apá rẹ̀, ó di àgbàdo sísun mú, ṣùgbọ́n kò ní eyín kankan lẹ́nu, ńṣe ló kàn ń lá àgbàdo náà kiri tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ kò sì gbéra sókè rárá. Mo mọ̀ pé iwin ni.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, ìyá."

"Dìde, ọdẹ. Ta ni ààjà gbé fún ọ?"

"Àbúrò mi ni, mà."

"Ìlú Ààjà ló wà nígbà náà. Takìtìmáṣubú lorúkọ mi, mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Bàálù yìí lè gbé ọ débẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ẹni tó bá ń fò tààrà sí. Yíyí ni wọ́n ń yí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó bá lè yí ni èèyàn lójú wọn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọ́n á ṣe ìdíje òkìtì. Ẹni tó bá gbégbá orókè á dúró, á fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n gbé kí òòrùn tó wọ̀. Bí ẹni yẹn bá jẹ́ ẹ, wọ́n á jọ máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ mi."

Mo fi ìbọn lọ̀ ọ́, kò gbà á. Mo fi awọ ẹkùn lọ̀ ọ́, ó ní ooru ti pọ̀ jù. Ó wo ẹnu mi, ó wo àgbàdo ọwọ́ rẹ̀. "Eyín ni mo fẹ́," ó wí. "Àwọn méjì iwájú òkè yẹn. Mo fẹ́ fi jẹ àgbàdo yìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mo ti rò pé ojú mi ló máa gbà, tàbí ẹ̀mí mi. Mo lanu fún un. Ó fi ìka méjì fà wọ́n yọ bí ẹni tú ẹ̀pà, kò tilẹ̀ dùn mí, ó kì wọ́n bọ ẹnu ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo náà kùrù-kùrù pẹ̀lú omijé ayọ̀ lójú. Mo rẹ́rìn-ín sínú pé mo ti rẹ́ iwin jẹ.

Ó kọ́ mi ní fífò tààrà ná. Ọ̀pá kan wà láàárín orúnkún mi tí mo fi ń darí rẹ̀, ibi ìtẹsẹ̀ méjì wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké níwájú mi, ìyá náà sì jókòó sẹ́yìn. Ó yá mi lára. Kò pẹ́ tí mo fi ń dá fò. Mo fò kọjá lórí àwọn ẹyẹ àkàlà, mo kí wọn, wọn ò lè dáhùn torí ẹnu yà wọ́n. Mo gbà pé kò tún sí awabàálù bíi tèmi mọ́ láyé, àti pé òkìtì yẹn ò lè le.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ní ká dorí kodò, ó fi bẹ́líìtì dì mí mọ́ ìjókòó títí mi ò fi lè mí kanlẹ̀, ó ní kí n kó ohun gbogbo kúrò lápò. Mo kó o. Ṣùgbọ́n ọdẹ wo ló ń kó aṣáà kúrò lápò? Bàálù dojú délẹ̀, agolo aṣáà já, ó ṣí, gbogbo rẹ̀ sì dà sí mi lójú àti ní imú. Mo ń sín, mo ń sunkún, ilẹ̀ wà lókè orí mi, igi ń rọ̀ bí àdán. Mo ní kí ìyá náà gba bàálù lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òkìtì gidi, èyí tí bàálù máa gòkè, tó máa yí ẹ̀yìn dà, tó máa padà wá sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti ń gòkè, ara mi á wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà, ojú mi á ṣú, mi ò ní rí nǹkan kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn bàbá ibodè. Nígbà tí a dé téńté òkìtì, tí orí mi kọjú sí ilẹ̀, aṣáà tó kù nínú ọkọ̀ kò já bọ́, ó dúró síbi tí ẹsẹ̀ mi wà. Mo kígbe pé, "Ìyá, ibi tí ìdí mi bá tẹ̀ mọ́ ni ìsàlẹ̀." Ó ní, "O ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀."

Ṣùgbọ́n ohun tó dójú tì mí ni àyíwálẹ̀. Ìyẹn ni pé bàálù á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò, á dorí kodò, á máa yí bọ̀ bí ewé gbígbẹ. Ìyá náà ní kí n tẹ ẹsẹ̀ kan, kí n wá ju ọ̀pá sílẹ̀, kí n má ṣe nǹkan kan mọ́. Mi ò lè ṣe é. Mo ti já bọ́ láti orí igi rí tí mo di ìbọn mi mú títí mo fi kanlẹ̀. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́, ọwọ́ mi á kàn dì í mú ni. Bí mo bá ṣe ń dì í mú tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yí sí i. Ìgbà gbogbo ni ìyá náà ń na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, tó ń tú ìka mi níkọ̀ọ̀kan. "Ọdẹ, bàálù ò fẹ́ kú," ó máa ń sọ. "Ìwọ lo ò jẹ́ kó rántí."

Ọyẹ́ dé, a gòkè lọ sí Ìlú Ààjà. Bàbá ibodè ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa, ó ṣì dorí kodò, ó tún bi mí níbo ni ìsàlẹ̀. Mo fọwọ́ lu ìdí mi. Ó ṣílẹ̀kùn.

Ìkùukùu ni ìlú náà, eruku pupa ni ògiri rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró lójú kan níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ díje ń rìn kiri pápá, wọ́n dijú, wọ́n ń fi ọwọ́ yí sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń nà ró. Mo rò pé wèrè ni wọ́n. Ìyá náà ní òkìtì wọn ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn kí wọ́n tó lọ fò ó. Èmi náà dijú, mo na ọwọ́ bí apá bàálù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Orúkọ Sanmí ni mò ń pè sínú ní gbogbo ibi tí mo bá yà.

Wọ́n fi ìkùukùu mẹ́rin ṣe ààlà lófuurufú, ẹni tó bá jáde kúrò láàárín wọn ti fìdí rẹmi. Àwọn adájọ́ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n ń wòkè, wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sáyà. Bí o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á mú òkúta kan jù nù. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Aláìléegun ló kọ́kọ́ gòkè, òun ló máa ń borí wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ kó parí, kò lè dúró, ó yí jáde láàárín ìkùukùu, ó sì yí lọ réré. Àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kàn mí. Èmi nìkan ni mo gòkè, ìyá dúró nísàlẹ̀. Mo mi apá bàálù sọ́tùn-ún sósì láti kí àwọn adájọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Òkìtì àkọ́kọ́ wọ́, mo rí i bí òkúta ṣe ń fò kúrò láyà wọn. Èkejì sàn díẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àyíwálẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú. Ohun gbogbo dákẹ́. Mo di ọ̀pá mú, mo dì í gan-an, ìlú ń yí, òòrùn ń yí, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi tó máa tú ìka mi. Mo rò pé ó parí nìyẹn, ìyá mi máa sọ ọmọ méjì nù. Mo sunkún níbẹ̀. Agbára mi pin, ọwọ́ mi sì yọ̀ kúrò lára ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Mi ò jù ú sílẹ̀ o. Ó bọ́ ni.

Bàálù yí díẹ̀ sí i. Ó wá dúró. Ó dúró gbọnrangandan, ó kọjú sí àwọn adájọ́, ó sì rọra bọ̀ wálẹ̀ sórí pápá. Wọn ò tíì rí ẹni tó ń yí tó sì dúró rí. Ọba Ààjà alára, tí kì í dúró, dín ìyíyí rẹ̀ kù láti wò mí. Ó ní èmi ni mo borí.

Wọ́n mú mi lọ sétí ọ̀gbun kan. Ní òdìkejì rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n gbé wà nínú eruku. Wọn ò lè rí wa, wọ́n kàn lè gbọ́ ohùn. Mo rí àbúrò mi. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹsẹ̀ kejì wà lófìfo.

Mo pè é. "Ọdẹ́sanmí."

Ó gbórí sókè. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i lójú rẹ̀, mo rí i tó fẹ́ dáhùn. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Mo ní èmi Ọdẹ́gbilé ni. Ó mi orí pé rárá. Mo kì í ní oríkì tí ìyá wa máa ń kì í. Mo sọ nípa àwo tí ìyá ń dé pa mọ́ dè é. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì lé èyí tó fi bo ẹnu. Ìfé ló ń dúró dè. Mo fi ahọ́n sí ibi tó yẹ kí eyín wà, mo fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Fúù. Mo tún fẹ́ ẹ. Fúù. Mo ki ìka bọ ẹnu, mo ká ètè, mo gbìyànjú títí ẹ̀jẹ̀ fi dé.

Ìyá Takìtìmáṣubú sáré wá, ó fa eyín méjèèjì yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń kì wọ́n bọ ẹnu mi. Wọn ò dúró. Wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. "N kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe ohun mìíràn," ó ń wí. "Ọdẹ, mo rò pé oúnjẹ nìkan ni."

Òòrùn wọ̀. Ọba Ààjà ní, "Tìrẹ ni. A ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ tó bá dáhùn, á máa bọ̀. Ṣùgbọ́n o ti pè é tán nínú ìlú wa. Bí ẹ bá fẹ́ tún pè é, ẹ pè é láti orí ilẹ̀ yín, òfin wa ò dé ibẹ̀."

Nígbà tí mo délé, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé, "Kò jẹ́?" Mo ní, "Kò jẹ́, mà." Ó ní, "Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni." Kò sọ ohun mìíràn nípa rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà yẹn, gbogbo ẹni mìíràn tó mọ ìfé wa nínú ìdílé ti kú tán. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ dé, Ìlú Ààjà máa ń kọjá lórí àpáta yìí, èmi nìkan á gòkè wá, màá máa fẹ́ fúù títí á fi kọjá. Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yìí, mo rí i pé ara mi ò lè gun àpáta yìí mọ́ lẹ́yìn èyí. Ẹ wo apá ibẹ̀ yẹn, níbi tí ojú sánmà ti pupa. Ó ti ń bọ̀.

Rábíù, ìwọ tí eyín rẹ pé, dìde. Bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Rárá, ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ń pe ewúrẹ́. Nísàlẹ̀ ná, kó wá gòkè, kó dúró níbẹ̀, dúró, má tíì jẹ́ kó já. Báyìí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá a sú u. Ẹ̀yin obìnrin náà, ẹ má sọ pé kò yẹ yín.

Bàtà rẹ̀ kejì nìyí, mo gbé e sílẹ̀ síbi tí mo ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Eruku ti dé orí wa. Ẹ tún un sú.